Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ọ̀wọ̀ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gbé Mì

Ẹni tó bá rò pé ọ̀wọ̀ ò lè ba nǹkan jẹ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Fáìlì. Òun ni akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ọsibítù ìjọba, ilé alájà méjì kan tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé nígbà kan, tí òjò ti fọ̀ títí tí kò fi mọ àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti lò níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Fáìlì, nítorí kò sí ibi tó ń lọ tí fáìlì kan kì í bá a lọ. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé fáìlì ló fi ń ṣe ìrọ̀rí. Irọ́ ni o. Ìrọ̀rí gidi ló ní, èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí mọ̀ ọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìwé àbá ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀ dé orí tábìlì rẹ̀. Ìwé náà nípọn bíi búrẹ́dì. Kò ka ọ̀rọ̀ gómìnà tó wà níwájú, kò wo àwòrán kankan. Abẹ́ ètò ìlera ló ṣí tààrà, ó ń fi ìka tọ́ ọ lọ sílẹ̀, ó ń wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò rí i. Ó ní bóyá ojú òun ni. Ó wọ awò, ó tún un wá. Kò sí. Ó ṣí abẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ó wá a láàárín yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Kò sí níbẹ̀ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọgọ́fà akẹ́kọ̀ọ́, tó ní olùkọ́, tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ tí wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ni ìjọba wá ṣe bí ẹni pé kò sí láyé yìí?

Èyí tó dùn ún jù ni ti àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Ìdánwò àṣekágbá wọn ku oṣù márùn-ún, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà kì í sì í gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan wọlé láti ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ètò ìṣúná ìjọba. Ọdún mẹ́ta gbáko tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aláìsàn, tí wọ́n fi ń kọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tí ò fi ní dun ọmọ ọwọ́, á wá ṣòfò. Ìyá Fáìlì gbé fáìlì sí abíyá, ó jáde.

Iléeṣẹ́ ètò ìlera ló kọ́kọ́ dé. Akọ̀wé àgbà ibẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń rọra jáde bí ẹni tí ọmọ ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, dìde kí i.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀? Ẹ ti di ti ètò ẹ̀kọ́ o. Àwa la fi tọkàntọkàn yọ̀ǹda yín fún wọn."

"Ẹ yọ̀ǹda wa?"

"A yọ̀ǹda yín, mà."

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ọdún márùn-ún ni ètò ìlera àti ètò ẹ̀kọ́ fi du ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìdánwò ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ètò ìlera ní nọ́ọ̀sì ni wọ́n, tàwọn ni. Ètò ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni, tàwọn ni. Wọ́n jà á débi pé pátákó méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí àlejò ò sì mọ èyí tó máa kà. Ní ọdún tó kọjá ni gómìnà pè wọ́n, ó ní kí wọ́n yéé dójú ti òun, pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Fáìlì sọdá títì, nítorí iléeṣẹ́ méjèèjì kọjú síra ni, ó bọ́ sí ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ètò ẹ̀kọ́. Obìnrin ni èyí, ó wé gèlè, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló gbé yín wá síbí? Ẹ ò ṣe lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó yín lódìkejì? A ti fi yín sílẹ̀ fún wọn. Mo ní kí ni mo tún ń jà lé lórí? Àwọn làgbà, kí wọ́n máa mú un."

"Mà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Àwọn náà ní àwọn ti fi wá sílẹ̀ fún yín."

Ẹ̀rín obìnrin náà dúró díẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo yàrá lè máa gbọ́.

"Ọ̀gá mi, mo ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ gba àwọn nọ́ọ̀sì yẹn."

"Háà, rárá o, àwa la máa dúpẹ́. Ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n."

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Ṣebí ẹ̀yin ni?"

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ayé! Nígbà tí wọ́n ń jà, ilé-ẹ̀kọ́ ń jẹun. Ìgbà tí wọ́n bu ọ̀wọ̀ fún ara wọn ni ebi dé. Oníkálukú jókòó sí ọ́fíìsì tirẹ̀, ó fi ìwà ọmọlúàbí pa orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ́ kúrò nínú ìwé tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo ìwé ẹnìkejì, nítorí pé wíwo ìwé ẹnìkejì gan-an ló ti ń dá ìjà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ká ní owó náà ṣì wà nílẹ̀ ni, ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n ètò ìlera ti fi tiwọn kún káàdì ìlera. Káàdì yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń yọ lówó oṣù òṣìṣẹ́, ìjọba á fi tirẹ̀ kún un, tí àìsàn bá wá dé, káàdì lèèyàn máa nà sí wọn, wọn ò ní béèrè owó. Ní ọdún tó ń bọ̀, ó máa gba àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ètò ẹ̀kọ́ sì ti fi tiwọn sí ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, èyí tí wọ́n kọ́ dé òrùlé tí wọ́n pa tì, kí wọ́n lè parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ ètò ìṣúná ní ilé aṣòfin," ni obìnrin náà sọ, ojú sì ń tì í. "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbọ́ tẹnu aráàlú."

Ìyá Fáìlì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde. Bó ṣe rí nìyẹn. Kódà ẹni tó gbá a létí, bóyá ló máa kúrò níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kí i pé ó ṣeun.

Nílé, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbóhùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà dìde lórí àga láti wá pàdé rẹ̀, ó fi ọwọ́ lu ìbàdí rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ tó tún èyí ṣe ó rọ." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ọdún méjì ni egungun ìbàdí fi dè é mọ́ orí ibùsùn, títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí káàdì ìlera ọmọ rẹ̀ san gbogbo ẹ̀. Ká ní kò sí káàdì ni, ilé tí wọ́n ń gbé yìí ni wọn ì bá tà, kò sì ní tó.

Ẹnìkan tó kù nínú ilé náà ni ọmọ Ìyá Fáìlì obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà láti ìgbà tó ti tú rédíò ìyá rẹ̀ palẹ̀ lọ́mọ ọdún méje, tó sì tò ó padà, tó ku ìṣó mẹ́ta tí kò mọ ibi tí wọ́n ń wọ̀. Ó ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì báyìí, iṣẹ́ afárá kíkọ́ ló ń kọ́. Ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohun mìíràn tí Ìyá Fáìlì ń torí ẹ̀ dúpẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni ọ̀nà. Aago márùn-ún ìdájí ni ọmọ náà ń jáde, ọkọ̀ méjì ló ń wọ̀ lọ, ọkọ̀ méjì ló ń wọ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú àwọn tó máa kó wọ ilé gbígbé tuntun: yàrá kẹtàdínlógún, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ti rán kọ́tìnnì pàápàá.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, Ìyá Fáìlì jókòó tì í nídìí tábìlì oúnjẹ. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ibi méjì péré ni owó náà wà, ọ̀kan ni káàdì tó tún ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe, ọ̀kan ni bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ bi ọmọ náà léèrè. Ó ti lanu tán kó tó rí i pé ó ti sùn sórí ìwé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Àánú ṣe é. Ó mú bírò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó léjìká. Ó ní kò burú, ọmọ òun ni, ọ̀rọ̀ tòun tirẹ̀ ò lè le.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún lọ́jọ́ kejì. Àwọn oníròyìn gbé ẹ̀rọ wọn síwájú, rédíò ń gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wọ aṣọ iṣẹ́ funfun, wọ́n jókòó lẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń hó. Ọ̀gá káàdì ìlera wà lọ́wọ́ òsì, akápò yunifásítì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin sísanra kan, ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Níbo-Ni-Ká-Ti-Yọ-Ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òfin kan ṣoṣo tó ní: ẹni tó bá ní kí wọ́n fi nǹkan kún ìwé, kó sọ ibi tí wọ́n máa ti yọ ọ́. Ó ní owó kì í bímọ nínú àpótí.

Nígbà tó kàn án ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Fáìlì bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìgbìmọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá káàdì, ó ní ìyá òun tó ń rìn lónìí, káàdì ló ń rìn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akápò yunifásítì nítorí ọmọ òun. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

"Ìyá," ni alága wí, "ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ní, ẹ sì ti fi mẹ́ta dúpẹ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó wá fi méjì tó kù sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, àti pátákó méjì, àti fọ́tò tí wọ́n yà, àti ọmọ mẹ́tàlélógójì tó máa pàdánù ìdánwò. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń mi orí.

"Ọ̀rọ̀ yín wọlé," ni alága sọ. "Gbogbo wa la mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ká ti yọ ọ́?"

Ìyá Fáìlì wo òsì. Ó wo ọ̀tún. Ó di fáìlì mú gírígírí.

"Ẹ má fọwọ́ kan káàdì," ló sọ. "Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kú, ẹ ò lè ní kó mú sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ilé gbígbé yunifásítì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó dúró sí i fún ọdún kan."

Akápò fò dìde. "Alága, a ti kan òrùlé ilé náà!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Òjò ò ní bà á jẹ́ kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ mi wà nínú àwọn tó fẹ́ kó wọbẹ̀. Yàrá kẹtàdínlógún. Mi ò fi ti ẹlòmíràn tọrẹ."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ọmọ náà mọ̀?"

Ìyá Fáìlì ò lè purọ́, kò sì lè sọ òótọ́. "Màá sọ fún un, sà," ló fi dáhùn.

Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án ni, méje nawọ́ sókè. Alága ní kí wọ́n má fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sábẹ́ ìlera, kí wọ́n má fi sábẹ́ ẹ̀kọ́, kí wọ́n fún un ní ojú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí àwọn èèyàn yìí má baà tún lọ bu ọ̀wọ̀ fún ara wọn. Àwọn ọmọ lẹ́yìn fi igbe ta. Wọ́n gbé Ìyá Fáìlì sókè pẹ̀lú fáìlì rẹ̀, wọ́n ń kí i, wọ́n ń sunkún. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn gidigidi, ó sì tún dà bíi pé ó jí nǹkan kó nínú ilé ara rẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ohun tó máa sọ. Aago méje kọjá díẹ̀ kí Ẹnjiníà tó wọlé. Kò pariwo. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí ìyá ìyá rẹ̀, ó sọ báàgì sílẹ̀, ó jókòó.

"Màámi, mo gbọ́ yín nínú ọkọ̀."

"Háà."

"Dẹ́rẹ́bà ṣí rédíò. Ohùn yín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ẹ ń dúpẹ́. Mò ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà tí ẹ wá sọ ti yàrá, ọkùnrin kan níwájú ní, 'Irú ìyá wo tún nìyí?' Obìnrin kan ní ìyá gidi ni. Ni wọ́n bá gbé e, wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn. Mi ò lè sọ fún wọn pé èmi lọmọ náà."

"Ọmọ mi, má bínú. Jọ̀ọ́. Mo mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń pa ẹ́."

"Kì í ṣe yàrá ló ń dùn mí." Ó kọjú sí ìyá rẹ̀ tààrà. "Ẹ ò bi mí. Ta ló sùn ti Ìyá Àgbà ní ọsibítù fún ọjọ́ mọ́kànlá? Èmi ni. Orí bẹ́ńṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ yín kan wà níbẹ̀, ó kéré sí mi, òun ló ń di Ìyá Àgbà mú tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ fún mi, òun gan-an wá ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlélógójì yín ni. Mi ò rí nǹkan kan fún un títí di òní. Ká ní ẹ bi mí, màá ní kí ẹ mú yàrá náà. Èmi ni màá fún un. Ẹ ti wá mú un lọ́wọ́ mi kí n tó nà án."

Ìyá Fáìlì ti rò pé ohun tó bá jẹ́ ti ọmọ òun, ti òun náà ni.

"Òótọ́ ọmọ yìí ni," ni Ìyá Àgbà sọ látorí àga rẹ̀. "Bi í."

"Kí n bi í kí ni, Màámi? Wọ́n ti parí ẹ̀."

"Mo ní kó o bi í. Àbí etí ẹ ti di?"

Ìyá Fáìlì fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé fáìlì kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa wà nínú ìṣòro. Ṣé o lè bá wa yọ̀ǹda yàrá rẹ fún ọdún kan?"

Ẹnjiníà rò ó dáadáa, ó wo ilẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó jẹ́ kí àwọn àgbà méjèèjì dúró bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ ọba.

"Mo yọ̀ǹda ẹ̀," ló sọ.

Ìyá Fáìlì bú sẹ́kún. Ó di ọmọ náà mú, ó ń dúpẹ́, kò mọye ìgbà tó dúpẹ́, títí Ìyá Àgbà fi ní kó jẹ́ kí ọmọ jẹun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, aago márùn-ún kò tíì lù, Ẹnjiníà ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti múra, ó dúró bí àlejò.

"Mo ní kí n dúpẹ́ oore àná," ni ìyá rẹ̀ sọ.

"Màámi! Ṣebí ẹ ti dúpẹ́ lánàá?"

"Àná nìyẹn."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó di okùn bàtà rẹ̀, ó ní kò tó ọpẹ́, ó sì sáré lọ bá ọkọ̀ àkọ́kọ́.